Àbúrò Ìyá Mi Tó Lọ sí Gánà

Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ohùn mi máa ń lọ sókè. Àwọn ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, ẹ rọra, kò sẹ́ni tó ń bá yín jà." Ẹ má dá wọn lóhùn. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n àyà mi kò tíì sinmi jíjá lórí rẹ̀.

Ọmọge ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Ìlá, l'Adó, mo ń dúró de ilé-ìwé tí ìjọba máa gbé mi lọ. Bàbá mi ti kú. Èmi àti ìyá mi nìkan la wà nínú ilé, pẹ̀lú àwòrán kan lára ògiri pálọ̀: ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọge ni wọ́n nínú àwòrán náà, wọ́n wọ aṣọ kan náà, èjí sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Àbúrò náà lọ sí Gánà. Bí ìyá mi ṣe sọ fún mi láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, tí wọ́n ń dé tẹrù-tẹrù, mo máa ń sáré jáde lọ wò wọ́n, bóyá mo máa rí obìnrin tó ní èjí. N kò rí i. Ìyá mi ní, "Kò bá wọn bọ̀." Ó parí síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fi mí ṣaya. Olùkọ́ ni òun náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi, kíláàsì kan náà la wà, òun ló mú mi mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí a tó sọ ohunkóhun fún àgbà ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó wa, ẹ bá mi gbé báàgì." Àwọn ẹbí rẹ̀ ní tí wọ́n bá ti kórè tán, àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣáájú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìwádìí ni. Wọ́n á rán àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún, á lọ jókòó ti aládùúgbò, á máa bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ṣé kò sí wèrè nínú ilé yẹn? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀kan wà, wọn kò ní jà, wọn kò ní bú yín. Wọn kò kàn ní wá mọ́ ni. Ẹ ó se oúnjẹ dè wọ́n títí oúnjẹ á fi kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ìyá mi sùn dáadáa lọ́dún náà. Bí ajá bá gbó níta, á ní, "Ta ló ń béèrè wa?" Èmi máa ń fi rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n fẹ́ rí nílé wa? Ilé tó mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn dókítà dé. Wọ́n kéde rẹ̀ ní sọ́ọ̀ṣì tiwa, wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì. Wárápá ni wọ́n wá ṣe ìwádìí lé lórí. Wọ́n ní àwọn tó ń wá sí ilé-ìwòsàn ńlá nìkan ni àwọn mọ̀, àwọn kò mọ ti àwọn tó wà nílé, pàápàá àwọn obìnrin, àwọn tálákà, àwọn tí kò ní ẹni tó máa mú wọn wá. Wọ́n sì ní oògùn lọ́wọ́, hóró funfun kéékèèké, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ìṣubú náà á dín kù, ti ẹlòmíràn á tilẹ̀ dáwọ́ dúró.

Dókítà tó jẹ́ olórí wọn kéré lọ́jọ́ orí, sálúbàtà ló máa ń wọ̀, ohùn Ìjẹ̀bú sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá ní "ẹ káàárọ̀" ni a ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní, "Àlejò ni wá. Wọn ò ní sọ tinú wọn fún àlejò. Ọmọ ìlú ló máa bá ọmọ ìlú sọ̀rọ̀." Ni wọ́n bá ṣa àwa ọmọge tó kàwé, méjì-méjì, pé ká máa lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n pa èmi àti ọ̀rẹ́ mi pọ̀.

Mo fi ayọ̀ gbé e délé. Háà! Ìyá mi fò sókè lórí àpótí tó jókòó lé. "Kí lo ní o fẹ́ máa wá kiri? Wárápá? Ìwọ tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ? Ṣé orí rẹ pé?" N kò rí i kó bínú báyẹn rí. Ẹnu yà mí, èmi náà sì gbaná jẹ, nítorí mo jogún ìbínú lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni, mo ní ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ àánú kì í tìjú. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

A bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí.

Ọmọge méjì wọlé, aṣọ wọn mọ́, wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà, wọ́n jókòó létí àga, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí wárápá ń ṣe?" Kí lẹ rò pé àgbà yẹn máa rò? Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá tó ni ilé lanu, ó pa á dé, ó ní, "Ní ulé wa kẹ̀? Rárá o! Wárápá ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa, a ò ní in rí." Ló bá ké sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà ń fọ aṣọ, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó yí padà ká rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kó yanu. "Ẹ wo eyín rẹ̀! Orí fífọ́ lásán, kò ṣe é rí." Ọmọkùnrin náà fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Wọ́n gbé míńírà fún wa.

Nílé kejì, bàbá kan ní kí wọ́n pa adìyẹ. Nílé mìíràn, ìyáálé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọmọ ta lẹ ń wá ọkọ fún?" Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ lójú títì. Ó ní, "Ìyàwó wa, bí ẹ̀gbọ́n mi bá pẹ́ jù, ọkọ ti pọ̀ ní Òkè-Ìlá." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí n kò ti rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ni ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wí fún wa pé "rárá o, a ò ní in rí" ni nǹkan ńlá bá ré lulẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ gìgísẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn. Ojú mi ló ń wò tààrà, ló bá bẹ̀rẹ̀ orin sọ́ọ̀ṣì, ó kọ ọ́ sókè, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i, ó ń kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi dákẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." A dúpẹ́, a jáde. Ìyá mà ni! Ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń kọrin!

Báyìí la ṣe, gbogbo wa tí wọ́n rán níṣẹ́. Òkè-Ìlá ò ní, agbègbè Fájuyì ò ní, kò sẹ́ni tó ní. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó fọwọ́ lérán. Ó ní, "Nínú gbogbo ayé, Adó nìkan ni kò ní wárápá." Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ó kó oògùn àwọn lọ sí ibòmíràn.

Inú bí mi. Mo ní, "Dókítà, ìbéèrè ìyàwó lẹ ní ká máa bi wọ́n! Ẹ rán ọmọge tí wọn ò tíì gbé níyàwó pé kó lọ máa béèrè àrùn ìdílé. Ta ló máa jẹ́wọ́?" Ẹ wo ojú ọkùnrin náà. Ó ní àwọn ti bá ọba sọ̀rọ̀, àwọn ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó rántí sọ èyí fún àwọn. Ta ló máa sọ ọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, bí a ṣe mọ̀ pé omi ń tuni lára.

Ọ̀rẹ́ mi, tó ti dákẹ́ láti àárọ̀, ló wá ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sóko. Gbogbo àwọn tí wọ́n ń fi pamọ́ kọ́ ló wà nínú ilé." Dókítà ní, oko wo? Ó ní òun mọ ọ̀nà kan.

Bí jíìpù dókítà ṣe yà kúrò lójú ọ̀dà ni mo mọ ibẹ̀. Ọ̀nà oko obì ìyá mi ni. Ọ̀nà nìkan ni mo mọ̀, n kò dé inú oko náà rí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi máa ń lọ síbẹ̀, òun nìkan, á gúnyán ní òwúrọ̀, á dé e mọ́ inú abọ́, á gbé e rù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé ta ló ń gbé iyán lọ sóko, níbi tí èèyàn ti lè sun iṣu jẹ. Ó gbá mi létí. N kò tún béèrè mọ́.

Jíìpù dúró níbi tí ọ̀nà parí sí, a ń fẹsẹ̀ lọ. Èmi ni mo yára jù, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń wá lóko wa. Mo kọjá ìdí obì, mo rí ahéré kan, èéfín ń jáde níbẹ̀. Obìnrin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa obì. Ọwọ́ òsì ló fi ń pa á. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, iná ti jó o, àwọn ìka ti lẹ̀ pọ̀. Abọ́ tánganran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abọ́ wa, èyí tó ní òdòdó pupa létí, tí ìyá mi ní olè jí. Ìró tó ró, ìró ìyá mi ni.

Ó gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rí èjí.

Yéè! Gánà! Gánà tí mo ti ń wò lójú gbogbo ẹni tó bá di ẹrù wálé! Gánà tó jẹ́ pé àtàárọ̀ dọ̀sán lèèyàn fi í lọ bọ̀! Mo fẹ́ sá, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Kò bi mí pé ta ni mí. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi pátá ni ìyá mi máa ń gbé lọ fún un lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú iyán. Ó ní, "Wọ́n ti wá tọrọ rẹ? Ṣé wọ́n ti wá?"

Kí n tó rí ẹnu fi dáhùn, dókítà àti ọ̀rẹ́ mi dé ẹ̀yìn mi. Ojú mi kò tíì wálẹ̀. Mo kàn nawọ́, mo ní, "Yèyé, dókítà nìyí. Ọ̀rẹ́ mi nìyí, àbúrò ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi."

Bí mo ṣe sọ èyí tán ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ tó jó náà sábẹ́ ìró. Ó jókòó dáadáa.

Dókítà lóṣòó níwájú rẹ̀, ó kí i, ó bi í pé kí ló ṣe ọwọ́. Ó ní, "Epo ni. Epo gbígbóná ló dà sí mi lọ́wọ́."

"Ṣé ẹ kì í ṣubú, Ìyá? Kẹ́ ẹ má mọ ibi tẹ́ ẹ wà?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o." Kì í ṣe dókítà ló ń wò. Ọ̀rẹ́ mi ló ń wò lójú. "Ní ulé wa? Ẹ lọ bi gbogbo Adó. Wárápá ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. A ò ní in rí."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ láti ilé dé ilé, òun náà ló wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àpá sì kún orí rẹ̀, àpá wà ní ẹ̀bátí rẹ̀, ibi tó máa ń fi lulẹ̀ bó bá ṣubú. Mo ké, "Yèyé!" Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ọmọ yìí ò mọ̀ mí. Ẹ bi í bóyá ó rí mi rí." Òótọ́ ni, n kò rí i rí. Ẹ ò rí nǹkan! Irọ́ tí wọ́n pa fún mi, òun náà ló tún fi ṣe ẹ̀rí.

Dókítà dìde. Ó rọra sọ ọ́, inú rẹ̀ ò dùn: "Ẹni tó bá ní òun ò ní àìsàn, n kò gbọ́dọ̀ fún un lóògùn. Ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi gbà." Ó gbé àpò oògùn kọ́ èjìká. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà, wọ́n ń lọ lọ́jọ́ kejì. Mo rí i pé obìnrin yìí fẹ́ fi ìyókù ayé rẹ̀ ra ọkọ fún mi, kó máa ṣubú sínú igbó lóun nìkan, nítorí ọkùnrin kan tí kò rí rí.

Ni mo bá bú sẹ́kún, mo pariwo. Mo ní, "Wárápá ń ṣe é! Àbúrò ìyá mi ni! Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà! Ẹni tó bá fẹ́ sá, kó máa sá lọ!" Mo ti rò pé ó tán. Mo ti ń rí oúnjẹ tó ń kan nílé wa.

Ọ̀rẹ́ mi kò sá. Ó kúnlẹ̀ sórí èèpo obì. Ó ní, "Yèyé, ẹ̀yin la wá wò. A ti mọ̀."



Ó ní ìyá àwọn ti rán ìwádìí láti ọdún tó kọjá, kí ẹ̀gbọ́n òun tó dá ọjọ́ kankan. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí àbúrò ìyá mi ṣe ṣubú sínú iná níbi tó ti ń yan gààrí, tí àwọn obìnrin yòókù sá sẹ́yìn, wọ́n ní ìfófòó ẹnu rẹ̀ lè ran àwọn, tó jẹ́ pé ìyá mi ló sáré wá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò wá fà á jáde. Wọ́n sọ ti oko, wọ́n sọ ti iyán ọjọ́ Sátidé. Ó ní, "Ìyá wa ní, ilé tí ẹ̀gbọ́n ti ń gbé iyán rìn lọ bá àbúrò rẹ̀ lóko láti ọjọ́ yìí wá, tí kò jẹ́ kó sú òun, ilé yẹn ni àwọn fẹ́ fẹ́yàwó níbẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Má bínú. Ta ni mo jẹ́, tí n ó sọ ohun tí ìyá rẹ ò sọ fún ọ?"

Obìnrin náà ń wò ó. Ó ní, "Ẹ mọ̀?"

"A mọ̀, Yèyé."

"Ta ló tún mọ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi sorí kọ́. "Gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ̀, Yèyé. Wọn kì í kàn sọ ọ́ ni."

Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ìbínú ló bú jáde lójú rẹ̀, ìbínú ilé wa gan-an, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó fa ọwọ́ tó jó náà jáde lábẹ́ ìró, ó nà án sí dókítà pé kó fún òun lóògùn. Ó wá kọjú sí mi. "Tí gbogbo wọn bá mọ̀, ta ni wọ́n wá ń fi mí pamọ́ fún? Bá mi bi ìyá rẹ."

Mo délé, iná ìdáná ti ń jó. Ìyá mi ń bẹ iṣu tó máa gún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ẹ rí ẹnì kankan lónìí?" Mo ní, "Yèyé, àbúrò yín ní kí n bi yín pé, nígbà tí gbogbo ìlú ti mọ̀, ta lẹ ń fi òun pamọ́ fún."

Ọ̀bẹ dúró lára iṣu. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, gbogbo èébú tí mo mọ̀ ti wà lẹ́nu mi.

Ó ní, "Ìwọ ni."

Mo ní, "Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ nìkan. Mo rí bí àbúrò mi ṣe ń gbé. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé ìyá wa náà ń ṣubú, kò gbádùn ọjọ́ kan. Bójú bá ṣú u díẹ̀, á di ògiri mú. Ó ń dúró de àìsàn náà títí ó fi dé." Ó gbé iṣu sílẹ̀. "N kò fẹ́ kí ìwọ náà máa dúró dè é."

Mo jókòó tì í nílẹ̀ ìdáná. Nígbà tó yá mo mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ iṣu tó kù.